Ìwé àṣẹ ogún ti jáde: ta ló ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́dọọdún?

Akọ̀wé_Àná

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Òfísì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ogún ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Abẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ló wà. Lọ́yà á pè é ní Administrator-General and Public Trustee, aráàlú á ní Public Trustee, àwọn mìíràn á kàn sọ pé "àwọn tó ń pín ogún", bẹ́ẹ̀ pípín gan-an ló kéré jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀.

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí nípa ogún. Gbogbo rẹ̀ ló dá lórí bí èèyàn ṣe lè gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní púrọ́béètì, ìyẹn ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ gíga tó ń fúnni láṣẹ lórí ogún olóògbé: iye tó ń náni, irú oníduro tí wọ́n ń gbà, bí báńkì ṣe máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Tí ìwé bá ti jáde, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, àfi tí ìjà bá dé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọdún kejì, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọdún kẹta. Bẹ́ẹ̀ ìlànà ilé-ẹjọ́ gíga sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni tó bá gba ìwé àṣẹ náà gbọ́dọ̀ máa mú ìṣirò wá ní oṣù méjìlá méjìlá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un títí ogún náà yóò fi pín tán. Ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó kù.

Ibi ìṣirò yìí ni mo fẹ́ kí a jíròrò lé lórí, torí ibẹ̀ ni ogún ọmọ aláìníbaba ti ń ṣègbé jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọdún kan ṣe máa ń lọ lọ́dọ̀ wa.

Tí ọdún bá ti wọlé, owó iléèwé ni. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ olóògbé lára, orúkọ àwọn ọmọ àti ọjọ́ ìbí wọn wà nínú rẹ̀. Ìyá tàbí alágbàtọ́ á mú bíìlì wá, a ó wò ó mọ́ iye tó wà lórúkọ ọmọ náà, a ó wá kọ sọ̀wédowó sí orúkọ iléèwé, kì í ṣe sí orúkọ ẹni tó mú bíìlì wá. Èyí máa ń bí ọ̀pọ̀ nínú. Mo rí àwọn ẹ̀gbọ́n olóògbé tó kúrò níwájú mi tìbínú-tìbínú, tí wọ́n ní a ń fi ojú olè wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ náà wà ní kíláàsì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Kí òjò tó dé, ilé la máa ń lọ wò. Páànù tó ti ṣí, gọ́tà tó ti dí, ògiri tó ń sán. Ayálégbé tó bá mọ̀ pé onílé ti kú máa ń dá owó dúró, ó sì lè jàre, torí ó ṣeé ṣe kí ẹni mẹ́ta ti wá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ ẹbí kan náà. A ó fún un ní lẹ́tà tó sọ ẹni tí yóò máa sanwó fún àti àkáǹtì tí yóò san án sí.

Láàrin ọdún, lẹ́tà ni kíkọ: sí báńkì, sí àwọn tó ń tọ́jú ìpín ìdókòwò, sí àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Tó bá wá di ìparí ọdún, a ó ti ìwé ìṣirò ogún kọ̀ọ̀kan, a ó sì yọ orúkọ àwọn ọmọ tó máa pé ọjọ́ orí tí òfin ní kí wọ́n gba ohun tó jẹ́ tiwọn lọ́dún tó ń bọ̀, kí a lè kọ lẹ́tà sí àwọn fúnra wọn. Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ìwé orúkọ yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ̀yin tí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ ń ṣe ìṣirò? Ẹ̀yin tí wọ́n gbà á nítorí yín, ṣé wọ́n ń fi ìṣirò hàn yín?

Àrẹ̀mọ_Mushin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí létí tán. Èmi ni àkọ́bí bàbá wa. Orúkọ èmi, àbúrò mi obìnrin àti ọmọ ìyá kejì kan ló wà lórí ìwé àṣẹ. Ilé alájà kan àti ṣọ́ọ̀bù ni bàbá fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí pé kí n wá ṣe ìṣirò rí. Owó ṣọ́ọ̀bù la fi ń tún ilé ṣe, òun la fi ń san owó iná, òun náà la fi sin ìyá bàbá wa. Nílẹ̀ Yorùbá, àkọ́bí ló ń dúró nípò bàbá. Ṣé kí n wá máa lọ sọ fún akọ̀wé kóòtù iye tí mo fi ra páànù ni? Tí ìjọba bá sì ti mọ iye tó ń wọlé, wọn ò ní ṣàì ní kí a wá san nǹkan.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Àrẹ̀mọ, ẹ kú ìdúró ti ilé bàbá. Ipò tí ẹ ń sọ yẹn, kóòtù mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé ní Èkó ní 1908 ni wọ́n ti gbà pé àkọ́bí ọkùnrin, tí a ń pè ní Dáwódù, ló ń di olórí ẹbí lẹ́yìn bàbá. Ṣùgbọ́n ipò ló gbà, kò gba ilé. Ilé ti gbogbo ọmọ ni.

Òótọ́ ni pé láyé àtijọ́ kóòtù máa ń lọ́ra láti pàṣẹ fún olórí ẹbí pé kó ṣe ìṣirò, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Èrò yẹn ti ń yí padà tipẹ́. Àti pé ti yín yàtọ̀: ẹ kò dúró lórí àṣà nìkan mọ́. Ọjọ́ tí ẹ lọ sí púrọ́béètì, ẹ búra pé ẹ ó ṣàkóso ogún náà bó ṣe tọ́, ẹ ó sì mú ìṣirò rẹ̀ wá. Àwọn oníduro yín fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú yín. Tí àbúrò kan bá pe ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú, wọn ò ní béèrè bóyá ẹ jẹ́ àkọ́bí. Wọ́n á ní níbo ni ìwé owó páànù wà.

Ẹ tún ní ọmọ ìyá kejì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rántí ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé. Bàbá náà kú ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń sọ bí ogún rẹ̀ yóò ṣe pín, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà yí i padà ní 1958, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962, pé ìdí-igi ṣì ni òfin Yorùbá: ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ ní ìpín kan. Orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo iye ọdún tó gbà láti 1940 sí 1962. Àwọn ọmọ kan ti darúgbó kí ẹjọ́ tó parí.

Àrẹ̀mọ_Mushin

Mo gbọ́, lọ́yà. Ṣé ọmọbìnrin náà wà nínú ìpín yẹn? Torí àwọn bàbá kan ní ẹbí wa ń sọ pé ilé ọkọ ni tiwọn.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Wọ́n wà níbẹ̀ pátápátá. Lopez àti Lopez, 1924, Èkó: ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé bàbá bí ọmọkùnrin. Ẹni tó bá ní àṣà Yorùbá sọ òmíràn, ẹ ní kó fi ẹjọ́ tó gbé e lẹ́sẹ̀ hàn yín.

Ìyá_Ìbejì_Ṣùúrù

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ṣàánú mi, ẹ dá mi lóhùn. Ọkọ mi kú lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. A ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. A bí ìbejì àti ọmọ kan lẹ́yìn wọn, gbogbo wọn ṣì kéré. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló wà lórí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi next of kin, torí ọkọ mi kọ fọ́ọ̀mù náà kí a tó fẹ́ra. Ẹ̀gbọ́n náà ní owó gbogbo òun ni wọn yóò san án fún, pé òun á máa fún mi díẹ̀díẹ̀. N kò fẹ́ bá ẹbí ọkọ mi jà. Ṣé òótọ́ ni pé òun ló ni owó náà?

Akọ̀wé_Àná

Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á tu yín nínú, á sì dá àwọn ọmọ sí. Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kọ síbẹ̀ bíi next of kin ni ẹni tí ibi iṣẹ́ máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kò sọ ọ́ di ajogún. Mo rí ìjà lórí èyí ju lórí ilẹ̀ lọ.

Owó tó wà níbẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Àkọ́kọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀, tó wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Wọn kì í san án tí kò bá sí ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti púrọ́béètì, tàbí ìwé ìhágún tí kóòtù ti fọwọ́ sí. Òmíràn ni owó ìbánigbófò. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí iye rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún kan. Opó púpọ̀ kò mọ̀ pé owó kejì yìí wà, torí náà wọn kì í béèrè rẹ̀. Ẹ béèrè, kí ẹ sì béèrè ní ìwé, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gbà á lọ́wọ́ yín. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹ wo báńkì àti ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́.

Àwọn ọmọ kò tíì dàgbà, nítorí náà ìwé àṣẹ náà kò ní jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Òfin ní ó kéré tán ẹni méjì, kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ. Ẹ̀yin lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín lè jẹ́ ìkejì tí ẹ bá gbọ́ra yín yé, torí ẹ ní ẹ kò fẹ́ ìjà, ìyẹn sì dára. Tí ẹ kò bá rí ẹni tí ọkàn yín balẹ̀ sí, òfísì ìjọba tí mo sọ lókè lè gbà á. Ìpín àwọn ọmọ á wà lórúkọ wọn, owó iléèwé á máa jáde láti ibẹ̀.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Mo fẹ́ fi kún un. Ìwé ìgbéyàwó kóòtù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ṣe pàtàkì. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ. Ó lè máa gbé inú ilé, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún. Ẹjọ́ Ṣógúnrò-Davies ní 1929 sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n láti 1898 ni kóòtù Èkó ti sọ nínú ẹjọ́ Cole àti Cole pé ẹni tó ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ti mú ogún rẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣà. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ló ń du ogún náà mọ́ opó àti ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín yìí. Lónìí, òfin ìṣàkóso ogún ti Èkó fún opó tí wọ́n fẹ́ lábẹ́ òfin ní ìpín tirẹ̀, ó sì fún àwọn ọmọ ní tiwọn. Ilẹ̀ àti ilé ẹbí, èyí tí ọkọ yín fúnra rẹ̀ kò lè fi ìwé ìhágún fún ẹnikẹ́ni, kò sí nínú ìyẹn o. Ti ẹbí ni.

Alájì_Ìwó

Àwa Mùsùlùmí ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, alùfáà ló ń pín in.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Alájì, ìlànà ìpín yàtọ̀, èyí wà láàrin yín àti ẹ̀sìn yín. Ṣùgbọ́n tí báńkì bá ti béèrè ìwé àṣẹ, tí ẹ sì lọ gbà á ní púrọ́béètì, ìbúra kan náà lẹ búra, ìṣirò kan náà sì ni.

Ọmọ_Ìlá

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, torí irú òfísì yẹn ló tọ́ mi dàgbà lọ́nà kan. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá mi ti ṣáájú. Òfísì ìjọba kan ló di owó wa mú. N kò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà.

Ohun tí Akọ̀wé_Àná sọ nípa sọ̀wédowó iléèwé, òótọ́ ni. Kò sí tẹ́ẹ̀mù kan tí wọ́n lé mi kúrò ní kíláàsì nítorí owó. Àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi tí bàbá wọn wà láàyè ni wọ́n máa ń lé. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn títí ayé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀ láti gba ohun tó kù, mo sunkún. Kì í ṣe pé wọ́n jí i. Ìwé ìṣirò wà, ó pé, náírà kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Owó tó lè ra ilẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú kò lè ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tó dáa mọ́. Wọ́n fi í sí ibi tó fọkàn balẹ̀, ó sì ń sùn síbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí ọjà ń gòkè. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi ra nǹkan tó lè dúró. Wọ́n ní òfin ni. Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí wa rí láti sọ pé bí owó yín ṣe rí lọ́dún yìí nìyí. Ká ní wọ́n sọ fún wa lọ́dọọdún, àǹtí mi tó mọ̀wé ì bá ti pariwo tipẹ́.

Akọ̀wé_Àná

Ọmọ_Ìlá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ibi tó dùn mí jù nínú iṣẹ́ náà lẹ fọwọ́ kàn yẹn.

Òfin tó ń sọ ibi tí olùtọ́jú dúkìá lè fi owó ẹlòmíràn sí kò fún òṣìṣẹ́ ní àyè púpọ̀. Ìwé gbèsè ìjọba ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ni ìpín iléeṣẹ́ tó bá kún ojú òṣùwọ̀n tí òfin là sílẹ̀. Ẹni tó ṣe òfin náà ń bẹ̀rù olè àti tẹ́tẹ́, ó sì jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀wọ́ngógó bá kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2024, owó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn náà ń lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé òfin délẹ̀délẹ̀ kò ní jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọmọ náà ló máa jìyà bí ọjà ṣe ń gòkè.

Lójú tèmi, ohun méjì ló yẹ kí wọ́n ṣe, n ó sì máa sọ ọ́ títí wọn yóò fi gbọ́. Kí òfísì kọ lẹ́tà ọdọọdún sí alágbàtọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan: iye tó wà lọ́dún tó kọjá, èrè tó wọlé, iye tó jáde, iye tí a gbà fún iṣẹ́ wa, iye tó kù. Ojú ìwé kan tó. Ìkejì, tí ilé bá wà nínú ogún náà, kí wọ́n má kánjú tà á láti sọ ọ́ di owó. Ilé tó ń mú owó háyà wọlé nílùú máa ń bá ọjà rìn. A ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gba ohun tó nítumọ̀.

Adé_Peckham

Mo ń kà á láti Lọ́ńdọ̀nù. Lórí ọ̀rọ̀ ìdókòwò yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 2000 ló tú u sílẹ̀: olùtọ́jú dúkìá lè fi owó sí ibi tí ẹni tó ni owó fúnra rẹ̀ ì bá fi sí, tó bá ti gba ìmọ̀ràn tó yẹ, tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Nàìjíríà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn ará wa tó wà níhìn-ín mọ nǹkan mìíràn. Òfin 1906 ló dá Public Trustee ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, òfísì náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1908. Tí èèyàn bá kú níhìn-ín láìṣe ìwé ìhágún, orúkọ Public Trustee ni ohun ìní rẹ̀ máa wà títí kóòtù yóò fi fún ẹnì kan láṣẹ. Kì í ṣe pé wọ́n máa wá bá yín kó ẹrù o. Ó wà bẹ́ẹ̀ kí ó má baà di ohun tí kò ní olúwa ni. Bí àpẹẹrẹ, tí onílé bá fẹ́ gba yàrá tí olóògbé háyà, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí Public Trustee.

Tí kò bá sí ìbátan kankan tó yọjú, ogún náà á bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gbé orúkọ irú àwọn olóògbé bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹbí lè rí i. Ẹbí ní ọdún 12 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣètò ogún náà tán láti béèrè, ìgbà mìíràn sì wà tí wọ́n máa ń gba ìbéèrè títí di ọdún 30 sí ọjọ́ ikú, láìsí èlé. Àwọn àgbà wa kan wá síhìn-ín láti ọdún 1960, wọn ò bímọ síhìn-ín, ẹbí wọn ní Ìjẹ̀ṣà tàbí Ẹ̀gbá ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti kú. Ẹ máa béèrè àwọn bùrọ̀dá yín tó pàdánù sílùú òyìnbó. Ẹ tọ́jú ìwé ìbí, ìwé ìbúra ọjọ́ orí, ìwé ìgbéyàwó àwọn òbí, torí okùn ìbátan gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé láti orí olóògbé títí dé orí ẹni tó ń béèrè.

Fún ẹni tó ní ìyàwó tó sì bímọ ní England, láti oṣù keje 2023, ìyàwó ló ń kọ́kọ́ mú ẹrù inú ilé àti £322,000, lẹ́yìn náà wọ́n á pín ìyókù sí méjì láàrin òun àti àwọn ọmọ.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú

Adé, ẹ ṣeun. Ní Èkó, orúkọ adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ni ogún máa ń wà láàrin ìgbà tí olóògbé kú àti ìgbà tí ìwé àṣẹ jáde. Torí náà ẹni tó bá ta mọ́tò olóògbé lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ín, ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló tà.

Báńkà_Márínà

Ẹ jẹ́ kí n bá báńkì sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo wà. Tí ẹbí kò bá yọjú, àkáǹtì olóògbé á sùn. Báńkì àpapọ̀ gbé ìlànà tuntun jáde ní oṣù keje 2024: owó tó bá ti sùn fún ọdún mẹ́wàá yóò kúrò ní báńkì lọ sínú àpò tí báńkì àpapọ̀ ń tọ́jú. Òfin ìnáwó 2020 náà ti dá àpò mìíràn sílẹ̀ fún èrè ìpín ìdókòwò tí ẹnikẹ́ni kò gbà fún ọdún mẹ́fà. Owó náà kò sọnù, ajogún ṣì lè béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà á pọ̀ ju ti òní lọ. Ẹ yẹ àpótí bàbá yín wò: ìwé ìpín ìdókòwò, ìwé báńkì tí orúkọ rẹ̀ ti yí padà, gbogbo rẹ̀ lẹ kọ sínú àkọsílẹ̀ dúkìá kí ẹ tó lọ sí púrọ́béètì. Èyí tí ẹ kò bá kọ, a ò ní san án. Ẹ ó tún padà lọ fi kún un ni.

Àrẹ̀mọ_Mushin

Akọ̀wé_Àná, kí ni ìṣirò náà ń jọ? Ẹ má fi gírámà sí i. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo máa kọ. Mo ṣì ń sọ pé owó tí ìjọba ń gbà ti pọ̀ jù.

Akọ̀wé_Àná

Àrẹ̀mọ, owó ńlá ni ẹ ti san nígbà tí ẹ ń gba ìwé. Ìṣirò ọdọọdún kò tún ní kí ẹ san ìdá kankan nínú ilé yín mọ́, owó ìwé kékeré ni ti kóòtù.

Ẹ ra ìwé ńlá kan. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ fún kóòtù lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya ojú ìwé sí méjì. Lápá kan, owó tó wọlé: ọjọ́, ṣọ́ọ̀bù wo, oṣù mélòó ló san, ta ló san án. Lápá kejì, owó tó jáde: ọjọ́, kí lẹ rà, ta lẹ san án fún, níbo ni rìsíìtì wà. Páànù wà níbẹ̀. Owó iná wà níbẹ̀. Ìsìnkú ìyá bàbá yín ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí: gbèsè àti ìsìnkú olóògbé fúnra rẹ̀ ló wà lórí ogún náà. Ti ẹlòmíràn, bó ti wù kó sún mọ́ yín tó, gbogbo ẹni tó ní ìpín gbọ́dọ̀ gbà kí owó náà tó jáde, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọmọ ìyá kejì tó wà lórí ìwé pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kó máa rí ìwé náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ní ìparí ọdún, ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ kọ iye tó kù àti báńkì tó wà. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, kí ẹ búra sí i, kí ẹ mú un lọ. Èyí tí ẹ kò tíì ṣe láti ẹ̀yìn, ẹ kó gbogbo rìsíìtì tó wà jọ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ lè rántí. Kóòtù fẹ́ràn ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ju ẹni tí wọ́n fi ìwé pè lọ.

Ohun mìíràn tí èèyàn kì í mọ̀: òfin kò fipá mú yín pín ogún kí ọdún kan tó pé sí ọjọ́ ikú. Wọ́n fi ọdún yẹn sílẹ̀ kí ẹ lè san gbèsè, kí ẹ sì mọ ohun tó wà. Tí ẹnikẹ́ni bá ń yọ yín lẹ́nu ní oṣù kẹta, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ìyá_Ìbejì_Ṣùúrù

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ ọ́, mo ka ohun tí lọ́yà kọ fún un. Ó kọ́kọ́ bínú. Ní alẹ́, ó pè mí pé òun á tẹ̀ lé mi lọ, kí orúkọ àwa méjèèjì wà níbẹ̀. Ìwé wo ni kí n mú dání? Ilé ìwòsàn fún wa ní ìwé kan tó sọ ohun tó pa á.

Akọ̀wé_Àná

Ẹ kú oríire ọ̀rọ̀ tútù yẹn, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n. Ìwé ilé ìwòsàn nìkan kò tó. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ka iye ènìyàn, kí wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí ikú. Ẹ mú ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì, ìwé ìdánimọ̀ yín, àti orúkọ gbogbo báńkì tí ọkọ yín lò. Fọ́ọ̀mù báńkì ni ẹ ó gbé fún máníjà báńkì kọ̀ọ̀kan kó kọ iye tó wà síbẹ̀, kó sì lu òǹtẹ̀. Ẹ béèrè fún lẹ́tà ibi iṣẹ́ tó dárúkọ owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìbánigbófò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n máa kéde orúkọ olóògbé nínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè wá sọ. Ẹ gé ojú ìwé ìròyìn náà, kí ẹ fi sínú fáìlì. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì méjì gbogbo ìwé, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n.